Ẹni Tí Kò Dìbò Náà Ti Dìbò

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tó jẹ́ rédíò ọkọ̀ nìkan ló ń bá yín sọ̀rọ̀, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbé ọbẹ̀ kaná, tí ẹ ní kí àwọn ọmọ má pariwo, mo kí yín. Ẹ̀yin télọ̀ tí ẹ kì í pa rédíò títí ṣọ́ọ̀bù á fi tì, abẹ́rẹ́ ò ní gún yín lọ́wọ́ o. Àmín.

Ọ̀rọ̀ ìbò ni mo gbé wá lónìí. Mo ti ń gbọ́ òṣé yín láti ibí. "Ìbò kẹ̀? Èwo ni ti ìbò?" Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ má tíì yí ìkànnì padà. Mi ò wá polongo fún ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, kò sì sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, màá sì máa tún un sọ títí ètò yìí á fi parí: ẹni tí kò dìbò náà ti dìbò. Ẹni tó dì í fún ni kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí ọjọ́ ìdìbò nígboro Èkó. Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ rìn. Ṣọ́ọ̀bù tì. Títì dá páropáro. Kí làwọn ọ̀dọ́ wa máa ń ṣe? Wọ́n á gbé òkúta méjì síbí, wọ́n á gbé òkúta méjì sọ́hùn-ún, títì ti di pápá nìyẹn. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbá a sínú gọ́tà ni yóò lọ mú un. Ibùdó ìdìbò sì wà ní ìkángun àdúgbò kan náà o! Kò ju òpó iná mẹ́ta lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìyá àgbà ti fi ọ̀pá rìn débẹ̀ kí aago mẹ́jọ ààbọ̀ tó lù. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ le koko, tó ti pé ọdún méjìdínlógún, tó ní káàdì ìdìbò, òun ló ń ké pé kí wọ́n pásì bọ́ọ̀lù fún òun. Ẹ bi í pé kí ló dé tí kò lọ dìbò. Á ní, "Ṣé ìbò tèmi nìkan ló máa yí i padà ni?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò bá bọ́ọ̀lù jà. Bọ́ọ̀lù ò kúkú ní sá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi na ọwọ́ méjèèjì síta. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, ẹ fi ọwọ́ yín sílẹ̀ níbi tó wà o! Ẹ̀yin yòókù, ẹ na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó dáa. Ẹ ká méje wọlé. Mélòó ló kù? Mẹ́ta. Nínú gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, àwọn tó jáde ò tiẹ̀ tó mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Orúkọ tó wà nínú ìwé lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tó dìbò ò pé mílíọ̀nù 25. Àwọn yòókù ńkọ́? Wọ́n wà nílé. Òmíràn sùn. Òmíràn fọṣọ. Òmíràn bẹ̀rù jàǹdùkú, mi ò sì dá onítọ̀hún lẹ́bi, nítorí ẹ̀rù ń bẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìjókòó wọn yẹn, ṣé ẹ rò pé kò ṣe nǹkan kan? Ó ṣe é. Bí mẹ́wàá bá yẹ kó sọ̀rọ̀ tí méje bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sẹ́nu mẹ́ta. Ẹni tí mẹ́ta bá gbé gorí àga, mẹ́wàá ni yóò máa ṣe ìjọba lé lórí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ ní ìbò kan ò já mọ́ nǹkan? Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ọ̀ṣun.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni, ọjọ́ kejìlélógún. Ìdìbò gómìnà. Olùdíje pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì ló ta yọ: Adémọ́lá Adélékè ti ẹgbẹ́ PDP àti Gbóyèga Oyètọ́lá ti ẹgbẹ́ APC. Wọ́n kà á, kà á, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì ní ìbò tó lé ní 250,000. Mélòó wá ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ? 353. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàléláàádọ́ta. Adélékè ló ṣíwájú. Àjọ elétò ìdìbò wá ní ìdìbò ò tíì parí, pé wọ́n ti fagi lé ìbò ibùdó méje kan, pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ sì pọ̀ ju iye tó wà láàárín àwọn méjèèjì lọ.

Ibùdó méje péré o, nínú gbogbo Ọ̀ṣun. Wọ́n ní kí àwọn yẹn tún ìbò dì ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Háà! Ẹ wo bí àwọn àdúgbò tí olóṣèlú kì í yà sí ṣe di ibi tí gbogbo Nàìjíríà ń wò. Láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn, ẹni tó bá ní káàdì ibùdó méje yìí lápò, èèyàn ńlá ni. Wọ́n tún un dì, ìráhùn sì pọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ṣe é. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Oyètọ́lá fi ìbò 482 borí. Ẹjọ́ lọ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ibẹ̀ náà ni ìwọlé Oyètọ́lá ti fìdí múlẹ̀ ní ọdún 2019. Àwọn méjèèjì tún pàdé ní ọdún 2022, Adélékè ló wọlé lọ́tẹ̀ yẹn.

Ta ló yẹ kó wọlé nínú àwọn méjèèjì? Ìyẹn kọ́ ni iṣẹ́ mi. 353 ni mo ń bá yín sọ. Ẹ lọ sí gárèjì láàárọ̀, ẹ ka bọ́ọ̀sì eléèyàn méjìdínlógún. Ogún irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kó 353 èèyàn tán, àyè á tún ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dì í yẹn, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tí wọn ò jáde pọ̀ ju àwọn tó jáde lọ. Ṣé nínú gbogbo wọn, kò sí ogún bọ́ọ̀sì èèyàn tó ní káàdì nílé, tó ní òun á sùn díẹ̀ sí i? Ṣé kò sí ogún bọ́ọ̀sì tó lọ sí òde ìnáwó? Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ló sọ pé ìbò òun nìkan kò lè yí i padà. Wọ́n sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì di gómìnà odindi ìpínlẹ̀ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò yín, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ ìbò la ń sọ. A ní ẹni tí kò dìbò náà ti dìbò.

Mo mọ èyí tó kù lọ́kàn yín. Ẹ ní, "Bí mo bá tiẹ̀ dì í, ṣé wọ́n á kà á?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn bàjẹ́ ní ọdún 2023 nígbà tí èsì ìbò ààrẹ ò tètè hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí àjọ elétò ìdìbò ṣe ṣèlérí. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí inú bí wọn. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbàgbé rẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ ní ibùdó, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló máa ń tẹ̀ka tán tó ń lọ ilé, tí a kì í dúró wo ìyókù. Bí ẹ bá dé, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní BVAS. Ẹ ó gbé ìka lé e. Ìyá tó ti fi ọwọ́ fọṣọ, tó ti fi roko láti ìgbà èwe, ìlà ọwọ́ rẹ̀ ti lè parẹ́. Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ náà sókè, á wo ojú ìyá, á sì mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí irú ẹ̀rọ yìí tó dé? Bí ẹ ò bá wá, ẹlòmíràn lè fi orúkọ yín tẹ̀ka. Ẹ̀yin wà nílé, ẹ ń jẹ ẹ̀bà, ìwé ní ẹ ti dìbò! Ṣé ẹ rí i pé mi ò fi ọ̀rọ̀ ṣeré nígbà tí mo ní ẹni tí kò dìbò náà ti dìbò?

Aago méjì ààbọ̀ ni ìdìbò máa ń parí, àmọ́ ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kó tó lù, wọ́n á jẹ́ kó dìbò. Ìgbà náà ni wọ́n á wá kà á. Agùnbánirọ̀ tó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ á tú àpótí dà. Á ṣa ìwé ìbò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lápá tirẹ̀. Á wá máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbé e sókè kí gbogbo ojú lè rí i. Àwọn tó pé lé e lórí ni yóò máa bá a kà á. "Ení! Èjì! Ẹ̀ta! Ẹ̀rin!" Bó bá dé orí ọgọ́rùn-ún, wọ́n á hó yèè. Bí àmì ìka bá wà láàárín ẹgbẹ́ méjì, ariwo á sọ. "Tiwa ni!" "Kì í ṣe tiyín!" Bàbá kan á ní kí wọ́n mú un sún mọ́ òun, òun ò rí i dáadáa. Á yọ awò ojú, á nù ún, á tún fi sójú, á ní, "Èyí ti bàjẹ́." Wọ́n á fi sápá kan. Wọ́n á kọ èsì sílẹ̀, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì lẹ ẹ̀dà kan síbẹ̀ kí gbogbo ará àdúgbò lè kà á.

Ó dáa. Ibo ló rọrùn láti ṣe màgòmágó sí nínú ibùdó méjì: èyí tí igba èèyàn dúró tì, tí wọ́n ń bá agùnbánirọ̀ kà á lóhùn rara, àbí èyí tó jẹ́ pé ọlọ́pàá kan àti ewúrẹ́ méjì ló wà níbẹ̀? Ẹ̀yin náà ẹ dáhùn. Olè ò fẹ́ ojú púpọ̀. Nítorí náà, lójú tèmi, ẹni tó ń pariwo màgòmágó tó sì jókòó sílé ń bá àwọn onímàgòmágó fẹ àyè sí i.

Ó kan "Dìbò kóo sebẹ̀." Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì àti Ọ̀ṣun lọ́dún 2018 ni gbólóhùn yẹn gba ìgboro kan. Ẹ ó tẹ̀ka, ẹ ó yí ìwé díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹni tó dúró lọ́hùn-ún rí i, á mi orí, ẹ ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ gbowó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹnikẹ́ni má mú fóònù wọ ibi ìtẹ̀ka, kó má baà ya àwòrán ẹ̀rí fún ẹni tó fẹ́ sanwó. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, fún ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà. Èmi ò ní bú ẹni tí ebi ń pa. Mo kàn fẹ́ bi ẹ̀yin ọlọ́jà léèrè ni. Ẹni tó ra tòmátì lọ́wọ́ yín, tó san owó rẹ̀ pé, ṣé ẹ máa ń tẹ̀lé e délé pé kó sè é báyìí, kó má sè é báyẹn? Ó ti sanwó. Ọjà ti di tirẹ̀. Bí gómìnà tó sanwó fún yín bá pa ọ̀nà àdúgbò yín tì fún ọdún mẹ́rin, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?

Ẹ jẹ́ ká rìn sẹ́yìn díẹ̀. Ìbò yìí tí à ń fi ṣeré, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní in látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò sí ìgbìmọ̀ aṣòfin lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1923, Èkó àti Kàlàbá nìkan ni wọ́n ti dì í. Ọkùnrin nìkan. Ọkùnrin tó ń rí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún. Mélòó ló ń rí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn nígbà yẹn? Bí ẹ bá jẹ́ obìnrin, ẹ lọ jókòó. Bí ẹ bá jẹ́ àgbẹ̀, ẹ lọ jókòó. Lẹ́yìn náà ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn ìyá ọjà jọ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin, wọn ò sì fún obìnrin láyè nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn ìyá náà ní kò ní ṣeé ṣe. Wọ́n yí ààfin ká, wọ́n kọrin, ó dé ibi pé Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan lọ́dún 1949. Àwọn obìnrin òkè Ọya ńkọ́? Ó di ọdún 1976 kí òfin tó gbà pé kí àwọn náà dìbò. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin ọmọbìnrin tí káàdì yín wà nínú àpò tí ẹ kì í gbé mọ́, àwọn kan fara gba tajútajú kí ẹ tó ní in.

Ti June 12 kúkú wà níbẹ̀. Ọdún 1993, ìdìbò ààrẹ. Àwọn tó dì í ṣì wà láàyè, òmíràn ń gbọ́ mi báyìí. Wọn ò wẹ̀sìn, wọn ò wẹ̀yà. Abíọ́lá ọmọ Ẹ̀gbá na Tofa tí wọ́n jọ du ipò náà, ní Kánò tí Tofa ti wá. Ìjọba ológun fagi lé e. Wọ́n yìnbọn pa Kúdírátù ìyàwó Abíọ́lá l'Ékòó lọ́dún 1996. Abíọ́lá fúnra rẹ̀ kú sí àhámọ́ ní oṣù Keje ọdún 1998. Bí ìbò kò bá já mọ́ nǹkan, kí ló dé tí àwọn oníbọn fi bẹ̀rù èyí tí a dì lọ́dún yẹn tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa, ìbò ni o. Ẹni tí kò dìbò náà ti dìbò.

Mo wá fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ má wo fóònù. Kí lorúkọ káńsẹ́lọ̀ yín? Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù tí ẹ ń gbé, mo ní kí lorúkọ rẹ̀? Ẹ mọ orúkọ ààrẹ Amẹ́ríkà. Ẹ mọ gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal, títí dé èyí tó fara pa. Káńsẹ́lọ̀ yín ńkọ́?

Òfin Nàìjíríà gbé ọjà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé gárèjì lé e lọ́wọ́, ibi ìpẹran, ibi ìsìnkú, kíkó ìdọ̀tí. Gọ́tà tó di, tí omi fi ń ya wọ pálọ̀ yín, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Owó tó súnmọ́ yín jù nìyẹn. Ìdìbò àwọn tó ń ná an sì ni olùdìbò máa ń wọ́n níbẹ̀ jù! Ẹ ó gbọ́ pé, "Ẹgbẹ́ tó wà nípò ní ìpínlẹ̀ náà ló máa kó gbogbo rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ nígbà tí àdúgbò kan ò bá jáde, ta ni ẹ fẹ́ kó bá wọn du kinní náà? Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Lọ́dún 2025, wọ́n gbé àbá òfin kan dé ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábújá, pé kí ẹni tí kò bá dìbò sanwó ìtanràn tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n. Ariwo ta, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n yọ ọ́. Ẹ̀tọ́ ni ìbò, ojúṣe náà sì ni, ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá wá ń lé èèyàn lọ sí ìdí àpótí, ìbínú ló máa fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rí ọkàn yín ni kó lé yín jáde. Àwọn ọmọ wa kan wà nílẹ̀ òkèèrè tó ń wù wọ́n láti dìbò nílé, tó jẹ́ pé lọ́dún 2023 òfin ò fún wọn láyè láti dì í níbi tí wọ́n wà. Wọ́n ń pe ilé lórí fóònù pé, "Mọ́mì, ẹ ti dìbò?" Mọ́mì ní òjò fẹ́ rọ̀.

Ìmúra kù díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó kúrò níbi tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀, ẹ lọ sọ fún àjọ elétò ìdìbò kí wọ́n gbé orúkọ yín wá síbi tí ẹ ń gbé báyìí, nítorí ọkọ̀ ò ní rìn lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ ò sì lè fẹsẹ̀ rìn láti Ìkòròdú dé Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí káàdì yín ti sọnù tàbí tó ti ya, ẹ lọ ní kí wọ́n ṣe òmíràn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti pé ọdún méjìdínlógún, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ó ti jalè. Wọ́n máa ń ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ kí ìdìbò tó dé, ẹ má dúró di ọjọ́ tí èrò á pọ̀.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ wá káàdì yín jáde. Ẹ ka orúkọ tó wà lára rẹ̀, ẹ wo ibùdó ìdìbò tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹ sì bi gbogbo ẹni tó wà nínú ilé léèrè tiwọn. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣì wà ní ọ́fíìsì àjọ elétò ìdìbò, kó lọ gbà á lọ́sẹ̀ yìí, fúnra rẹ̀. Bí ọjọ́ ìdìbò bá dé, ẹ tètè jáde, ẹ tẹ̀ka yín, kí ẹ sì dúró gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á.